Àga ọkọ̀ tó ń gbóná: ẹ fi wáyà yẹ́lò yẹn sílẹ̀ o!

Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ rí l'Ékòó á mọ bọ́tìnnì kan tó máa ń wà nítòsí jíà tàbí lára dáṣíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n ya àwòrán àga sí, tí ìlà mẹ́ta kan sì ń yọ lára àga náà kọ́lọkọ̀lọ bí èéfín. Àwọn kan rò pé ti éésì ni. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjọ́ta lọ́sàn-án gangan, wọ́n á jókòó pẹ̀sẹ̀, wọ́n á máa retí atẹ́gùn tútù. Kò ní í pẹ́ tí ìdí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bíi ti ẹni tó jókòó sórí àdògán. Ni wọ́n á bá figbe ta pé ọkọ̀ ti fẹ́ gbiná. Ọkọ̀ ò gbiná o. Àga ló ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ibi tó wá ti ń jẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún ni kò yẹ ẹ́.

Ìlú òtútù ló yẹ ẹ́. L'Ékòó, ọyẹ́ ìbáà mú débi kí ètè èèyàn máa bẹ́, agbára káká ni kí ojú ọjọ́ fi wálẹ̀ dé 20 dígírì. Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àìmọye ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé báyìí, dígírì méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe nǹkan tuntun láàárọ̀ kùtùkùtù oṣù January. Ká má tíì dárúkọ Chicago l'Amẹ́ríkà, níbi tí omi ti máa ń dì gbagidi lójú títì. Nọ́ọ̀sì tó ń jáde nílé ní aago márùn-ún ìdájí, àti awakọ̀ tó ń fi mọ́tò gbé èrò kiri lóru, àwọn ló mọ ohun tí àga aláwọ tó sun ìta mọ́jú máa ń fi ojú ìdí rí.

Ẹlòmíì á ní, ṣé ọkọ̀ ò ní hítà ni? Ó ní. Ṣùgbọ́n hítà kì í dá iná tiẹ̀ dá, ara omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ló ti ń yá ooru lò. Tí ẹ́ńjìnnì ò bá tíì gbóná, kò sí nǹkan tó máa rí yá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè kọjá kí atẹ́gùn tó ń fẹ́ síni lójú tó ní láárí, nígbà yẹn ọ̀pọ̀ èèyàn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ti àga yàtọ̀. Iná bátìrì ló ń lò, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló sì ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹ̀yìn àti ìdí á ti mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ oníná, èyí tí kì í mu epo rárá, fẹ́ràn kinní yìí jù, nítorí pé iná tí wọ́n máa fi mú inú ọkọ̀ látòkè délẹ̀ gbóná pọ̀ fíìfíì ju èyí tí wọ́n máa fi mú àga gbóná lọ, bátìrì náà sì ni wọ́n fi ń rìn.

Kinní ọ̀hún kì í ṣe nǹkan àná. Iléeṣẹ́ Cadillac l'Amẹ́ríkà ti ń tà á fún olówó lára ọkọ̀ wọn ti ọdún 1966. Saab ti orílẹ̀-èdè Sweden ló wá fi í sí àga awakọ̀ láìgba owó ọ̀tọ̀, ìyẹn nígbà tí ọdún 1971 ń lọ sópin. Láti ìgbà náà wá, títí di òní, bákan náà ni wọ́n ṣì ń tà á: ọkọ̀ kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà, àwọ̀ kan náà, ẹni tó san owó gọbọi á gba èyí tí àga rẹ̀ ń gbóná, ẹni tí ò lówó á gba èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ fọ́jú. Ẹ ti rí bọ́tìnnì afọ́jú yẹn rí. Ike pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi dí ojú ihò tó yẹ kí súwíìsì wà, kò sí àwòrán lára rẹ̀, bí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí di ọ̀la, kò ní í ṣe nǹkan kan. Gbogbo ìgbà tí olówó ọkọ̀ bá jókòó ló ń rí i, tó sì ń rán an létí pé ó ní ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí òun ò ní.

Èyí tó tún wá ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni ti BMW. Lóṣù July ọdún 2022 ni ìròyìn gbòde pé ọkọ̀ wọn kan wà tí gbogbo wáyà àga tó ń gbóná ti wà nínú ẹ̀ látilé, àmọ́ tí wọ́n tì í pa, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ lò ó á máa sanwó oṣooṣù. Pọ́n-ùn 15 lóṣù ni wọ́n pè é n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ariwo sọ! Àwọn oníbàárà ní ṣé àwọn á tún máa san owó ilé lórí àga tí àwọn ti rà ni? Nígbà tó fi máa di oṣù September ọdún 2023, ọ̀gá kan níléeṣẹ́ náà ti jẹ́wọ́ pé àwọn ti jáwọ́ nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá wọn dárò.

Ohun tó kan ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ti ọkọ̀ tí kò ní kinní ọ̀hún nínú rárá. Ká fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè wọ́n ní Bàbá Ṣadé àti Ìyá Ṣadé. Peckham ni wọ́n ń gbé. Ọkọ̀ wọn ti pé ọdún mẹ́jọ, kò ní wàhálà kankan, àmọ́ bọ́tìnnì ẹ̀ fọ́jú. Màmá Bàbá Ṣadé fẹ́ wá láti Ìbàdàn lóṣù December, ẹni ọdún 72 ni, àtọ̀gbẹ sì ń bá wọn fínra.

"Ẹ ò ṣe jẹ́ ká kúkú pààrọ̀ ọkọ̀ yìí, Bàbá Ṣadé? Òtútù yìí máa pa Màmá o."

"Ìyá Ṣadé, owó dà? Bọ̀dá kan níbi iṣẹ́ wa lóun máa bá mi fi kinní tó ń gbóná sábẹ́ àga. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni."

"Ṣé rìwáyà ni bọ̀dá ọ̀hún ni?"

"Ó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fídíò."

Ẹ̀rín lọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ẹkún wà nínú ẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sì pọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Èyí tó rọrùn jù ni tìmùtìmù tí wọ́n ń tẹ́ sórí àga, tí wọ́n á ki ẹnu wáyà rẹ̀ bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá. Kò sí àga tí ẹnikẹ́ni máa tú. Ẹni tí ọkọ̀ ò bá jẹ́ tiẹ̀, èyí ni kó lò. Kó ṣáà rí i pé ó ní ohun tó ń pa á fúnra ẹ̀ bó bá gbóná tó, kó má sì ra irú èyí tó máa bo ẹ̀gbẹ́ àga mọ́lẹ̀. A máa tó dé ibi tí ẹ̀gbẹ́ àga ti di ọ̀ràn.

Ìkejì ni èyí tí bọ̀dá oní-fídíò ń sọ. Pádì pẹlẹbẹ méjì ló máa ń wà fún àga kan, ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, wáyà tín-ín-rín tàbí okùn carbon ló wà nínú wọn. Wọ́n á tú awọ àga, wọ́n á tẹ́ pádì sáàárín awọ àti fóòmù, wọ́n á tún awọ dá padà. Ìgbà tí èèyàn bá dé ìdí ẹ̀ lá mọ̀ pé awọ àga kì í ṣe pílò tí wọ́n kàn ń bọ́ ẹ̀wù lára ẹ̀. Òrùka irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi há a mọ́ fóòmù láwọn kọ̀rọ̀ tó ní ìlà, ẹ gbọ́dọ̀ gé wọn, kí ẹ ra tuntun, kí ẹ sì ní ẹ̀mú tiwọn. Bí pádì bá ká sábẹ́ awọ, ojú ibi tó ká yẹn á máa gbóná ju ibi tó kù lọ, ibẹ̀ ló sì máa ń jó. Ti oníwáyà, ẹ ò gbọdọ̀ fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Ti carbon, àfi ibi tí ìwé tó bá a wá bá ní kí ẹ gé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán, kí wọ́n kìlọ̀ fáwọn ọmọ kí wọ́n yé fi orúnkún gun orí àga láti mú báàgì lẹ́yìn, torí pé orúnkún ló sábà máa ń ṣẹ́ wáyà inú rẹ̀.

Ìkẹta ló dà bíi pé inú fákítìrì gan-an ló ti wá, òun sì làwọn tó mọṣẹ́ fẹ́ràn. Ẹ á lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó ti kú tà, ẹ á wá irú ọkọ̀ yín gẹ́lẹ́, ọdún kan náà, tó jẹ́ pé àga tiẹ̀ ń gbóná. Ẹ á ra àga náà, ẹ á ra súwíìsì rẹ̀ tí ẹ máa fi rọ́pò bọ́tìnnì afọ́jú, ẹ á sì ra wáyà tó so wọ́n pọ̀. Nínú ọkọ̀ míì, wáyà ti wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì látilé, ẹnu rẹ̀ kàn wà lábẹ́ àga tí ò ní nǹkan kan láti mú ni. Nínú òmíràn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ máa fa wáyà láti ibi fíúsì dé ìdí àga. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti ayé òde òní, ó tún di kí ẹnìkan fi kọ̀ǹpútà sọ fún un pé àga rẹ̀ ti di olóoru, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á kàn máa wo yín níran ni. Àmọ́ o, ẹ béèrè ohun tó pa ọkọ̀ tí ẹ ti fẹ́ tú àga. Bó bá jẹ́ pé ó forí sọ nǹkan ni, airbag inú àga yẹn lè ti bẹ́, ìdè bẹ́líìtì tó máa ń fa èèyàn mọ́ àga nígbà ìjàǹbá sì lè ti fà parí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná díẹ̀. Àga kan lè mu bíi ámúpì 5 lórí bátìrì fóòlùtì 12, ìyẹn wọ́ọ̀tì 60. Àga méjì jẹ́ ámúpì 10. Ọwọ́ yá àwọn kan láti já wáyà rédíò, kí wọ́n so ti àga mọ́ ọn. Fíúsì rédíò á já. Wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, á tún já. Ìgbà tó bá sú wọn, wọ́n á fi fíúsì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, tàbí kí wọ́n fi wáyà pélébé dí ojú ẹ̀, bí àwọn rìwáyà kan ṣe máa ń ṣe nílé níbí. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti wá ikú ọkọ̀ rẹ̀ o. Fíúsì ló gbà láti kú kí wáyà má baà kú. Bí kò bá lè kú mọ́, wáyà tín-ín-rín tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló máa gbóná, ike ara rẹ̀ á yọ́, iná á sì dé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Àga gbọ́dọ̀ ní fíúsì tirẹ̀, kó ní wáyà tó nípọn tó, kó sì ní relay tó máa pa á nígbà tí wọ́n bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá sí relay, ẹni tó gbàgbé rẹ̀ sí títàn máa jí bá bátìrì tó ti kú fin-ín.

Nǹkan tó wá ju gbogbo èyí lọ ni wáyà yẹ́lò. Lábẹ́ àga iwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó jáde ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, ẹ máa rí wáyà tàbí ẹnu wáyà kan tó jẹ́ yẹ́lò. Ẹ fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ti airbag ni. Airbag kì í ṣe bàlúù ọjọ́ ìbí. Oògùn kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń bẹ́, tó sì máa ń kún un fọ́fọ́ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Bó bá bẹ́ mọ́ ẹni tó tẹrí ba sídìí àga lọ́wọ́, ó lè fọ́ ọ lójú, ó lè ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń yọ orí bátìrì, tí wọ́n á sì jókòó fúngbà díẹ̀ kí agbára tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀rọ airbag tó tán. Ìwé ọkọ̀ kálukú ló ń sọ iye ìṣẹ́jú, àmọ́ ẹni tó bá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ṣe ojo. Wọn kì í sì í yí kọ́kọ́rọ́ wò nígbà tí àga ṣì wà nílẹ̀, torí iná pupa airbag á tàn sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì di kọ̀ǹpútà kó tó kú. N'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tí iná airbag ẹ̀ ń tàn kò lè yege nínú àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT.

Airbag míì wà ní ẹ̀gbẹ́ àga fúnra ẹ̀, lápá ibi ilẹ̀kùn. Òwú ibi tí wọ́n rán awọ pọ̀ níbẹ̀, ìwọ̀nba ni wọ́n rán an le, kó lè ya lọ́jọ́ tí airbag bá fẹ́ jáde. Oníṣẹ́ àga tí ò mọ̀, tó fi òwú tó yi rán an padà, tàbí ẹni tó fi ìbòrí bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ gba èèyàn là.

Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tún ní àṣírí tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ohun kan wà nínú àga yẹn tó ń wọn ìwúwo ẹni tó jókòó sí i, kí ọkọ̀ lè mọ̀ bóyá àgbàlagbà ni tàbí ọmọdé, kó sì mọ̀ bóyá kí airbag iwájú bẹ́ tàbí kó dákẹ́. Ẹ̀rọ yìí ti rí fóòmù àti awọ tí wọ́n fi bò ó látilé mọ́. Bí ẹ bá lọ ki pádì tuntun sórí ẹ̀, ẹ ti pa irọ́ fún un. Ó lè rí àgbàlagbà kó pè é lọ́mọdé, ó sì lè ṣe òdìkejì ẹ̀. Èyí gan-an ló jẹ́ kí ọ̀nà kẹta dára ju ìkejì lọ fún àga ẹ̀gbẹ́: àga tí fákítìrì ṣe fún ooru, wọ́n ti ro ti ẹ̀rọ yìí mọ́ ọn kí wọ́n tó rán an. Ẹni tí kò bá rówó rà á, kó ṣe ti awakọ̀ nìkan, kó fi ti ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn dáa ju kéèyàn máa fi ẹ̀mí aya tàbí ìyá ẹ̀ dán fídíò wò.

Ó kan Màmá. Àtọ̀gbẹ tó bá ti pẹ́ lára máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ àti ìdí. Nǹkan á máa jó wọn, wọn ò ní í mọ̀. Bákan náà ni ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ ti fara pa. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ti jóná gidi lórí àga ọkọ̀ tó ń gbóná, débi tí awọ ara fi bó, kì í sì í ṣe àga tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe nìkan, títí kan ti fákítìrì. Lọ́dún 2011, àwọn tó ń jà fún ààbò nínú ọkọ̀ l'Amẹ́ríkà kọ̀wé síjọba pé kí wọ́n fòfin dé bó ṣe yẹ kí àga gbóná mọ. Ẹni tí ara ẹ̀ dá pàápàá, bó bá ń jókòó sórí ooru fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́, awọ itan rẹ̀ lè di àdíkálà bí àwọ̀n.

Ká ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbé Màmá, tí wọ́n ń lọ sí Manchester, tí oorun gbé wọn lọ lórí àga tó ń gbóná dé ìpẹ̀kun. Wákàtí mẹ́rin nìyẹn o. Ìyá Ṣadé tó bi ọkọ ẹ̀ bóyá rìwáyà ni bọ̀dá rẹ̀, òun náà ló sọ èyí tó bọ́gbọ́n mu jù:

"Ẹ jẹ́ ká tan àga kó gbóná kí Màmá tó jáde nílé. Bí wọ́n bá ti jókòó, ẹ pa á. Ẹ da aṣọ òkè wọn bò wọ́n lẹ́sẹ̀, hítà á ṣe ìyókù."

Àwọn ọkùnrin náà ní tiwọn. Lọ́dún 2008, àwọn dókítà kan ní Jámánì gbé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára ọkùnrin 30 jáde. Wọ́n wọn ooru ibi tí ọkùnrin ń kó irúgbìn ọmọ sí, nígbà tí wọ́n jókòó sórí àga ọkọ̀ tó ń gbóná àti nígbà tí wọ́n jókòó sórí èyí tí kò gbóná. Àga tó ń gbóná mú un lọ sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó dígírì kan. Wọn ò sọ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò bímọ o. Àmọ́ ìdí wà tí Ọlọ́run fi so kinní yẹn sí ìta, ẹni tó bá ń wá ọmọ lójú méjèèjì lè jẹ́ kí ìyàwó máa gbádùn ooru, kí òun wọ ṣòkòtò méjì.

Iṣẹ́ kan ló kù fún Bàbá Ṣadé kó tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Kó pe iléeṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ ẹ̀, kó sọ fún wọn pé òun fẹ́ fi àga tó ń gbóná sínú ọkọ̀ òun. Nílùú Ọba, àyípadà tí èèyàn bá ṣe sí ọkọ̀ tí kò sọ, wọ́n lè dì í mú lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ pé àdéhùn ti bàjẹ́, kí wọ́n má san kọ́bọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á fi owó díẹ̀ kún un, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò ní í fi nǹkan kan kún un. Kó gba orúkọ ẹni tó dá a lóhùn, kó kọ ọjọ́ sílẹ̀, kó sì fi rìsíìtì oníṣẹ́ pa mọ́ sínú ìwé ọkọ̀.